Ẹ Fetí Sílẹ̀, Ẹ Sì Fi Etí Yín Sílẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ èérí etí ni. A mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ṣé èyí náà lẹ wá sọ fún wa? Ta ni kò mọ bí a ṣe ń ro etí?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé òun mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò sí ẹni tó ń béèrè.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Etí mọ bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Igi tí à ń kì bọ̀ ọ́ láti fi wá ìmọ́tótó, òun náà ló ń dí i, òun ló ń ha á lára, òun ló ń lu ìlù etí ẹlòmíràn já. Nígbà tí etí bá sì ti di, ìyà rẹ̀ kì í mọ sí inú etí nìkan. Ọmọ tó gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ á di ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí líle, ìyá àgbà tí orí rẹ̀ pé á di ẹni tí wọ́n ní ó ti ń ṣarán.

Ohun tí à ń kì bọ etí

Ẹ wo inú ilé yíká. Ìyẹ́ adìyẹ wà tí bàbá fi ń ro etí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Igi ìṣáná wà. Ìdérí bíìkì wà, èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń kì bọ etí nígbà tí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó. Píìnì irun wà lórí àwọn ìyá. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà lọ́wọ́ àwọn onízémìjáàn tó ń dúró de èrò. Èyí tó wá borí gbogbo wọn lóde òní ni coton-tige, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí méjèèjì, tó kún inú ọjà àti bùtíkì gbogbo. Nítorí pé ó funfun, tí òwú rẹ̀ sì rọ̀, àwọn ènìyàn rò pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàm̀bá.

Ṣùgbọ́n ẹ mú páálí rẹ̀ kí ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kì í bọ ihò etí. Ẹni tó ń ta ọjà ń kìlọ̀, ẹni tó ra ọjà kò kà á. Etí lóde, apá tí a ń fojú rí, ni wọ́n ṣe é fún.

Àwọn àgbà wa ní, ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti inú etí yàtọ̀: kò sí ìka tó tọ́ sí i, kò sí igi tó tọ́ sí i. Àwọn dókítà etí náà ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn aláìsàn, pé ohun tí kò bá tóbi ju ìgúnpá rẹ lọ, má ṣe kì í bọ etí. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ti ìgúnpá bọ etí, ẹ ó rí i pé òfin náà kò ní ẹ̀rọ́ kankan.

Kí ni èérí etí gan-an?

A ń pè é ní èérí, a ń pè é ní ìdọ̀tí, orúkọ yẹn ló sì kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Ara ló ń ṣe é, bí ara ṣe ń ṣe omijé fún ojú àti itọ́ fún ẹnu. Apá ìta ihò etí ló ti ń jáde. Ó ní ọ̀rá nínú, kò jẹ́ kí omi ráyè ba awọ inú etí jẹ́. Ó ní ìkan díẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí kòkòrò àìrí gbilẹ̀ níbẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ eruku àti kòkòrò tó bá fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eruku pupa ojú ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́, ẹ rò ó wò: bí kò bá sí ohun tó ń dènà lẹ́nu ọ̀nà, níbo ni eruku yẹn ì bá dé?

Ti ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú máa ń rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí oyin tàbí kó ṣú díẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà àti Japan máa ń gbẹ ni. Ìyẹn wá láti ìdílé, kì í ṣe àmì ẹ̀gbin. Nítorí náà, kí ìyàwó má ṣe tijú pé ọkọ rí nǹkan pupa lẹ́nu etí òun, kí ìyá má ṣe rò pé wọ́n á pe òun ní ọ̀bùn nítorí ti ọmọ rẹ̀.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ó mọ ọ̀nà àtijáde. Awọ inú etí kì í dúró lójú kan; ó ń hù láti ibi ìlù etí, ó sì ń rìn bọ̀ níta díẹ̀díẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀ ló ń gbé èérí lọ́wọ́. Nígbà tí a bá ń jẹun, tí a ń sọ̀rọ̀, tí a ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ á máa bá a tì í síta. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á gbẹ, á já bọ́, tàbí kí aṣọ ìnura gbé e lọ nígbà ìwẹ̀. Láìṣe iṣẹ́ kankan, iṣẹ́ ti parí.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí coton-tige ń ṣe. Gígùn ihò etí àgbàlagbà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìlù etí, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 2.5 lọ. Coton-tige kan gùn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ẹni tó bá ń kì í wọlé yóò rí ìwọ̀nba díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ òwú, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti mú ìdọ̀tí jáde. Èyí tó kù ńkọ́? Ó ti tì í sẹ́yìn, ó ti gún un mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá gún ẹ̀tù mọ́ inú ìbọn ṣakabùlà títí yóò fi le. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ohun tó ń rìn bọ̀ níta jẹ́jẹ́ ni a fi ọwọ́ ara wa dá padà sí ẹsẹ̀ ìlù etí, níbi tí kò yẹ kó dé, tí kò sì mọ ọ̀nà àtijáde mọ́.

Kí ni ìyà rẹ̀?

Tí èérí bá ti dí ihò etí pátápátá, ohùn ènìyàn á máa dún bí ìgbà tí a fi ìrọ̀rí bo etí. Etí á máa wúwo, á máa hó, á máa yún. Òòyì lè máa kọ́ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn á máa húkọ́, á sì máa mu oògùn ikọ́ lásán, láìmọ̀ pé iṣan kan tó ti inú etí lọ sí ọ̀fun ni èérí ń tẹ̀. Bí ènìyàn bá lúwẹ̀ẹ́ tàbí tó wẹ̀ odò, omi á wọlé, èérí á wú, etí tó ń gbọ́ díẹ̀ láàárọ̀ á di pa lálẹ́.

Àwọn dókítà etí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ìlànà wọn tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 2017. Wọ́n ní nínú ọmọdé 10, ó tó ẹnì kan tí èérí dí etí rẹ̀. Nínú àgbàlagbà 20 tí ara wọn le, ó tó ẹnì kan. Láàárín àwọn arúgbó, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí pé bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, èérí á máa gbẹ, á máa le, irun inú etí á máa hu, ìrìn rẹ̀ síta á sì falẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò wa. Ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń lọ kọ́ Faransé ní ilé-ìwé. Bí etí ọmọ bá di díẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì bá a sọ̀rọ̀ nílé, ọmọ lè máà gbọ́ tán, ṣùgbọ́n yóò fi òye pa èyí tó kù pọ̀, nítorí pé èdè ìyá rẹ̀ ni. Nínú kíláàsì tó kún dẹ́nu, níbi tí olùkọ́ ti ń sọ èdè tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kò sí òye tó lè fi pa á pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bọ́ nìyẹn. Olùkọ́ á ní ọmọ kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Bàbá á rí ìwé ìdánwò, á fa ẹgba yọ. Ọmọ á tún kíláàsì. Ó lè jẹ́ pé ìdílé náà ti gbàdúrà, wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti dífá, kò sì sí ẹnìkan tó ti tan iná wo inú etí ọmọ náà rí.

Ti àwọn àgbà náà ńkọ́? Ìyá àgbà jókòó sí iwájú ilé, a kí i, kò dáhùn. A ní ó ti ń gbéra ga. A bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Kútọnú, ó ń dáhùn ohun tí a kò béèrè. A ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Díẹ̀díẹ̀ àwọn ọmọ ọmọ á dáwọ́ ìtàn bíbéèrè dúró, nítorí ó ti sú wọn láti máa pariwo. Ìyá á jókòó láàárín èrò, á sì dá wà. Òótọ́ ni pé ogbó lè mú etí di, kì í sì í ṣe gbogbo etí tó di ni èérí fà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń di etí, èérí wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ láti mú kúrò. Àbùkù ńlá ni kí a jẹ́ kí àgbà kú sínú ìdákẹ́jẹ́ nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì lè yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

"Àwọn ìyá wa ṣe é, wọn kò kú"

A mọ ìdáhùn tí àwọn kan yóò fún wa. Wọ́n á ní láti ayé àwọn baba ńlá wa ni a ti ń fi ìyẹ́ ro etí, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, a kò sì ní bú ohun tí wọ́n fi tọ́jú wa. Ìyẹ́ tó kan ẹnu etí jẹ́jẹ́, tó mú ara yá gágá, yàtọ̀ sí igi tí a ń tì wọlé lójoojúmọ́ láti fi wá ohun tí kò sọnù. Ẹ sì bi ara yín léèrè: àwọn àgbà tí etí wọn ti ń dà láti ìgbà èwe, àwọn tí a ń pè ní adití ní àdúgbò, ta ló bá wọn wádìí ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Àwọn mìíràn á ní, "Ó ń yún mi, kí ni kí n ṣe?" Ẹ gbọ́ o: ríro náà wà lára ohun tó ń mú un yún. Bí a bá nu ọ̀rá inú etí kúrò tán, awọ ibẹ̀ á gbẹ, á máa yún. A tún ro ó, ó tún gbẹ sí i. Lọ́jọ́ kan, igi á ha á, kòkòrò àìrí á bá ojú egbò wọlé, etí á wú, á máa ro ènìyàn débi pé kò ní lè jẹ ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ènìyàn bá lè fara da á fún ọjọ́ díẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án, yíyún náà á rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, ó ní ohun tó fà á, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì.

A kò gbàgbé àwọn ìkókó. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ọmọ, ìyá tàbí ìyá ìyá á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, á nu ojú, á nu imú, á sì kì coton-tige bọ etí ọmọ. Ọmọ lè ṣàdédé ju orí. Awọ ìlù etí ọmọ fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Aṣọ tó mọ́, tó tutù díẹ̀, la fi ń nu etí ọmọ lóde àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ọwọ́ ti dúró.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ etí. Àkọ́kọ́, bí etí kò bá dí, tó ń gbọ́ dáadáa, tí kò sì dun ènìyàn, ẹ fi í sílẹ̀. Rírí tí a rí èérí kò sọ pé ó di dandan ká yọ ọ́.

Bí etí bá dí ńkọ́? Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Ṣé etí ń dunni gan-an, tàbí ibà wà? Ṣé wọ́n ti sọ rí pé ìlù etí náà ti lu, tàbí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi ohunkóhun sí i, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà, kí wọ́n kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì, nítorí pé egbò kékeré nínú etí wọn lè di ohun ńlá. Ti ọmọdé náà, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é.

Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ọ̀nà tó rọrùn ni kí a jẹ́ kí èérí náà rọ̀. Ẹ lọ sí fàmásì, ẹ ra òróró ólífì tàbí òróró álímọ́ńdì tó mọ́, èyí tí wọ́n ń tà fún ìtọ́jú ara, tàbí omi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sérum physiologique. Ẹni tí álímọ́ńdì kò bá lára mu kò gbọdọ̀ lo ti álímọ́ńdì. Ìwádìí kò tíì fi hàn pé oògùn olówó ńlá kan dára ju àwọn tó rọrùn wọ̀nyí lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilẹ̀ nítorí oògùn etí.

Ẹ di ìgò òróró náà mú lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má gbé e kaná. Kí ẹni náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí etí tó dí wà lókè. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ fa etí náà sókè àti sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀nà lè là. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré tí nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i fún, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn la ń fà á sí. Ẹ kán an sí i, ẹ̀kán 2 tàbí 3. Kí ó wà ní ìdùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà, kí ó dìde, kí òróró tó bá ṣẹ́kù ṣàn jáde, kí a fi aṣọ nu un lóde. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 sí 5.

Ẹ má bẹ̀rù bí etí bá dí díẹ̀ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Èérí náà ló ń mu òróró, tó ń wú. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, á máa jáde ní kékeré kékeré, pàápàá lóru, ẹ ó rí i lára ìrọ̀rí. Sùúrù ni oògùn tó tóbi jù lọ níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi rọ́bà roboto tí à ń pè ní poire fún omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí etí lẹ́yìn tí èérí bá ti rọ̀. Ó ṣeé ṣe, bí a bá ṣe é jẹ́jẹ́, tí omi sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: poire tí ẹ fi ń fún omi sí ìdí ọmọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí ẹnikẹ́ni láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bí omi bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dunni tàbí tí òòyì bá dé, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì, ìtọ̀, epo gbígbóná tàbí omi ewé sí etí. Ẹ má ṣe tan àbẹ́là sí etí, èyí tí àwọn oníṣòwò kan ń polówó lórí fóònù pé ó ń fa ìdọ̀tí jáde. Kò fa nǹkankan jáde. Ohun tí wọ́n ń fi hàn nínú rẹ̀, ìda àbẹ́là tó yọ́ ni, ó sì ti jó ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Bí kòkòrò bá wọ etí, ẹ má fi igi lé e. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìlù etí kò lu, ẹ kán òróró sí i kí ó kú, kí ẹ tó lọ kí wọ́n yọ ọ́. Bí ọmọ bá ti èso ẹ̀wà tàbí àgbàdo bọ etí, ẹ má bu omi sí i, nítorí á wú. Bí ó bá jẹ́ bátìrì kékeré, irú ti aago, ẹ má kán nǹkankan sí i, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an. Bátìrì ń jó ẹran ara.

Ohun tí wọ́n á ṣe ní ilé ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún dókítà etí nítorí wọ́n rò pé abẹ ni. Rárá o. Wọ́n á fi iná kékeré wo inú etí, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè ṣe fún ara rẹ̀. Bí èérí bá le, wọ́n á ní kí a lọ fi òróró rọ̀ ọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ká padà wá. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi sìríǹjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí fún omi sí i, wọ́n lè fi irin kékeré fà á jáde, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ fà á mu. Ojú wọn wà lára ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín irin ọwọ́ dókítà àti píìnì irun.

Omi tí wọ́n ń lò gbọdọ̀ gbóná tó ara ènìyàn, nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n ooru. Ìtàn kan wà lórí èyí. Dókítà kan ní ìlú Vienna, Robert Bárány, ṣàkíyèsí pé tí òun bá fi omi tútù fọ etí àwọn ènìyàn, òòyì á kọ́ wọn, ojú wọn á máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí omi bá sì gbóná jù, ojú á máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi yé e bí etí ṣe ń bá wa di ìdúró mú. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 nítorí iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bu omi láti inú àmù sí etí ọmọ, kó mọ̀ pé ibi tí a fi ń dúró ṣinṣin ló ń dà láàmú.

Ìgbà wo ló yẹ ká lọ? Bí òróró kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 5. Bí etí bá ń dunni, tí ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò fèsì sí ohùn. Ọ̀kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ má fi òróró fi ọjọ́ ṣòfò. Ó lè má jẹ́ èérí rárá, ó lè jẹ́ iṣan ìgbọ́ràn ló ní ìṣòro, ìtọ́jú rẹ̀ sì ní àkókò. Ẹ lọ kíákíá.

Kì í ṣe dandan kí a kọ́kọ́ wá dókítà ORL, ìyẹn dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Àwọn yẹn kò pọ̀, ìlú ńláńlá ni wọ́n sì pọ̀ sí, bíi CNHU ní Kútọnú àti CHU Sylvanus Olympio ní Lomé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti centre de santé tó wà nítòsí yín. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ lè wò ó, kó sì sọ bóyá ó yẹ kí ẹ tẹ̀síwájú.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

A bẹ ẹ̀yin olùkọ́: kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ kì í fetí sílẹ̀, ẹ ní kí òbí rẹ̀ gbé e lọ kí wọ́n wo etí rẹ̀. Ní báyìí ná, ẹ gbé àga rẹ̀ wá síwájú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

A bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí ní ilé-ìwé: ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdọọdún ni àjọ ìlera àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, kó tan iná wo etí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré lè fún ọmọ kan ní ọdún tó ń bọ̀.

A bẹ ẹ̀yin tó ń ṣe àkóso centre de santé: iná tí a fi ń wo etí kò gbọdọ̀ wọ́n ní ibi tí ìwọ̀n ìfúnpá kò ti wọ́n. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bèèrè fún un.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti Kútọnú, láti Èkó, láti Paris, ẹ ṣeun. Nígbà tí ẹ bá tún pe ìyá lórí fóònù tí kò gbọ́, ẹ má kàn pariwo. Ẹ bi ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn bóyá wọ́n ti gbé wọn lọ wo etí.

Àwa ọmọ Kétu àti gbogbo ẹni tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó ń dún lóru, etí la fi ń jẹ adùn rẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ di kàn ń wo eré lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan tí a lè fi òróró ẹ̀kán mẹ́ta rọ̀ gba ohùn ìlú mọ́ ẹnikẹ́ni wa lọ́wọ́.

Ẹ kó coton-tige kúrò nídìí ìkókó. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún alùpùpù, ẹ fi píìnì sílẹ̀ fún irun, ẹ fi bíìkì sílẹ̀ fún ìwé. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ sì fi etí yín sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn olùkọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà nínú ilé yín, ẹ kà á sí i létí, jẹ́jẹ́. Kí Olódùmarè má fi etí wa ṣòfò. Àṣẹ.